Alárinà Ìwé: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Sanwó Fún Ta?

 

Àwọn àgbà ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ba. Gbogbo wa ni a mọ ipò alárinà nínú ìgbéyàwó ayé àtijọ́. Òun ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí ó ń gbé èsì bọ̀; òun ni ó ń wádìí ìdílé, tí ó sì ń gba ẹnu ọ̀dọ́mọkùnrin tí ojú ń tì sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ tán, a yọ ara rẹ̀ kúrò láàárín tọkọtaya. Iṣẹ́ ìwé kíkọ náà ní alárinà tirẹ̀, ẹni tí ó ń dúró láàárín òǹkọ̀wé àti ilé-iṣẹ́ tí yóò tẹ ìwé rẹ̀ jáde, pàápàá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a tètè mọ̀: alárinà ìwé kì í yẹ̀ba. Níwọ̀n ìgbà tí owó bá ṣì ń wọlé lábẹ́ àdéhùn tí ó bá wa ṣe, ìpín tirẹ̀ yóò máa wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ irú ẹni tí ó jẹ́, kí a mọ ohun tí ó tọ́ sí i, kí a sì mọ èyí tí kò gbọdọ̀ gbà lọ́wọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ nínú wa. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ ìtàn àròsọ pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Inú fóònù ni àwọn mìíràn ń kọ ọ́ sí, nínú ọkọ̀ tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti dá dúró. Òru, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, ni àwọn mìíràn ń kọ tiwọn. Wọ́n á kọ ọ́ fún ọdún kan, ọdún méjì, ọdún mẹ́ta. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó máa ń kù: kí ni ó kàn? Òun ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Kí ni iṣẹ́ alárinà ìwé?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ènìyàn mẹ́ta sọ́tọ̀, nítorí pé a sábà máa ń da wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn.

Ẹni àkọ́kọ́ ni atẹ̀wé, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ, irú àwọn tí ó kún Ṣómólú ní Èkó àti Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn. Ẹ gbé iṣẹ́ fún un, ẹ san owó iṣẹ́, ó kó ìwé yín lé yín lọ́wọ́, ó parí. Ẹnì kejì ni atẹ̀wéjáde. Òun ni ó ń yan ìwé tí ó wù ú, tí ó ń fi owó ara rẹ̀ gba olóòtú àti ayàwòrán, tí ó ń san owó atẹ̀wé, tí ó ń gbé ìwé lọ sí ilé ìtàwé, tí ó sì ń fún òǹkọ̀wé ní ìpín nínú ohun tí ó bá wọlé. Bí ìwé náà kò bá tà, òun ni ó jẹ gbèsè rẹ̀. Ẹnì kẹta ni alárinà wa yìí. Kì í tẹ ìwé, kì í sì í tà á fún òǹkàwé. Ẹ̀tọ́ láti tẹ ìwé náà jáde ni ó ń bá òǹkọ̀wé tà fún atẹ̀wéjáde.

Ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá kì í gba ìwé tààrà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Alárinà ni wọ́n fi ṣe asẹ́. Ohun tí ó bá ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá ni wọ́n gbà pé ó yẹ ní kíkà. Alárinà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ olóòtú tí ó fẹ́ràn ìtàn ìdílé, ó sì mọ èyí tí kì í ka ohun mìíràn ju ìtàn ọ̀daràn lọ. Ó máa ń ka ìwé yín, yóò sì sọ ibi tí ó ti wọ́. Òun ni yóò dúnàá-dúrà owó, tí yóò ka ìwé àdéhùn tí lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà, tí yóò sì wá ẹni tí yóò ra ẹ̀tọ́ láti túmọ̀ ìwé náà sí èdè mìíràn tàbí láti fi ṣe fíìmù. Owó iṣẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà, jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ìwé bá mú wá fún òǹkọ̀wé ní orílẹ̀-èdè tí alárinà ti ń ṣiṣẹ́, àti ìdá 20 nínú èyí tí ó bá ti ilẹ̀ òkèèrè tàbí ìtumọ̀ wá. Kí owó tó wọlé fún òǹkọ̀wé, kò sí kọ́bọ̀ tí ó tọ́ sí alárinà.

Kí a tó kan ilẹ̀kùn

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ìwé parí. Bí ènìyàn bá ń kọ ìtàn àròsọ fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sí alárinà tí yóò gba ìlérí lọ́wọ́ rẹ̀. Orí mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń béèrè, ṣùgbọ́n bí orí mẹ́ta náà bá wù wọ́n, gbogbo ìyókù ni wọn yóò béèrè ní ọjọ́ kejì. Ìtìjú ńlá ni kí a wá máa dáhùn pé a ṣì ń kọ ọ́ lọ́wọ́.

Bí ìwé bá parí, ẹ fi í sílẹ̀ fún oṣù kan tàbí méjì, kí ẹ tó padà sí i pẹ̀lú ojú tuntun. Ẹ fún ẹni tí ó ń ka ìtàn àròsọ dáadáa tí kò sì ní í bẹ̀rù láti sọ òótọ́ fún yín. Ìyá ẹni kì í sábà jẹ́ irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àfẹ́sọ́nà ẹni; ojú tí ó fẹ́ràn wa kì í tètè rí àbùkù wa.

Ohun kejì ni kí ẹ̀dà ìwé náà má ṣe jẹ́ ẹyọ kan. Ní 1957, nígbà tí Chinua Achebe ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò ní Èkó, ó fi Things Fall Apart, tí ó fi ọwọ́ kọ, ránṣẹ́ sí àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń bá ènìyàn fi ẹ̀rọ tẹ ìwé. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ó ní nìyẹn. Wọ́n béèrè £22, ó san án, wọ́n sì dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Angela Beattie, ọ̀gá rẹ̀ ní ibi iṣẹ́, tí ó ń lọ lo ìsinmi ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó yà sọ́dọ̀ wọn tí ó sì bá wọn wí, kí iṣẹ́ náà tó di ṣíṣe. Heinemann tẹ ìwé náà jáde ní 1958. Ẹ̀dà 2,000 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹ wo ohun tí gbogbo ayé ì bá pàdánù bí obìnrin náà bá ti gba ọ̀nà ibòmíràn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé sínú fóònù, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín ní alaalẹ́. Olè tí ó jí fóònù kò mọ̀ pé ìwé ọdún mẹ́ta wà nínú rẹ̀.

Ohun kẹta ni ẹrù tí a ó gbé lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ìwé mẹ́ta ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Èkínní ni lẹ́tà tí kò ju ojú ewé kan lọ: orúkọ ìwé, irú ìtàn tí ó jẹ́, iye ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ohun tí ìtàn náà dá lé ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta, ìdí tí ẹ fi yan alárinà yìí gan-an, àti ẹni tí ẹ jẹ́. Èkejì ni ìtàn náà ní ṣókí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má ṣe fi òpin pamọ́ fún un bí ẹni ń pàlọ́. Alárinà fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ mọ ọ̀nà dé ilé. Ẹ̀kẹta ni orí mẹ́ta àkọ́kọ́, tàbí iye tí ó bá béèrè. Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé ìwé yín yóò borí ti Achebe, ẹ má sì ṣe tọrọ gáfárà pé èyí ni ìwé yín àkọ́kọ́.

Níbo ni a ti ń rí wọn? Ìwé kan wà tí ń jẹ́ Writers' & Artists' Yearbook tí ó máa ń jáde lọ́dọọdún ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí orúkọ àwọn alárinà àti atẹ̀wéjáde kún inú rẹ̀. Ọgbọ́n mìíràn tún wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀: ẹ mú ìtàn àròsọ tí ó sún mọ́ tiyín, kí ẹ ṣí ojú ewé ìdúpẹ́ rẹ̀. Òǹkọ̀wé sábà máa ń dárúkọ alárinà rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì ní ìwé kékeré kan tí ẹ ń kọ ọjọ́ àti èsì sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá kì í ṣe ohun àjèjì. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ fèsì rárá, èyíinì sì ni èsì wọn. Bí gbogbo wọn bá kọ̀ ọ́ láìbéèrè ìyókù ìwé, lẹ́tà yín tàbí orí àkọ́kọ́ ni kí ẹ tún wò. Bí ẹni méjì bá ka gbogbo ìwé tí wọ́n sì tọ́ka sí ibì kan náà, a jẹ́ pé iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀.

Ilẹ̀kùn tí ó tọ́

Ìkọ̀sílẹ̀ kò fi hàn nígbà gbogbo pé ìwé kò dára. Ó lè jẹ́ pé ilé tí a kàn kì í gba irú àlejò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta. Ìwé díẹ̀ ni ó kà. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni ó ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó, níbi tí ó ti ń kọ ìtàn. Ìwé àkọ́kọ́ tí ó parí, The Wild Hunter in the Bush of the Ghosts, ni ó fi ránṣẹ́ sí Focal Press ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìparí àwọn ọdún 1940. Kí ni Focal Press ń tẹ̀? Ìwé nípa fọ́tò yíyà ni. Ìtàn ọdẹ nínú igbó iwin dé ọwọ́ àwọn tí ń kọ́ ènìyàn bí a ti ń lo kámẹ́rà! Ìwé náà kò jáde títí di 1982, ní Amẹ́ríkà.

Tutùọlá kò tìtorí èyí gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀. Ó kọ òmíràn, ìtàn ọ̀mùtí tí ó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Ẹgbẹ́ kan tí ń tan ìwé ìgbàgbọ́ kálẹ̀, United Society for Christian Literature, ni ó kọ̀wé sí. Àwọn náà kì í tẹ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ nù. Wọ́n fi ṣọwọ́ sí Faber and Faber. Faber tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde ní 1952, ìwé náà sì sọ ìránṣẹ́ ọ́fíìsì di ẹni tí a mọ̀ káàkiri àgbáyé. Ọ̀nà kan náà ni ìtàn méjèèjì gbà jáde ní Èkó. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n dé ni kò dọ́gba. Lónìí tí íntánẹ́ẹ̀tì wà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún wa láti mọ ohun tí ilé-iṣẹ́ kan ń tẹ̀ kí a tó kọ̀wé sí i.

Ìdíje náà jẹ́ ilẹ̀kùn. Ní 2013, àwọn Kwani? ní Kẹ́ńyà ṣe ìdíje fún ìtàn àròsọ tí a kò tíì tẹ̀ jáde. Ìwé Ayọ̀bámi Adébáyọ̀, Stay With Me, ìtàn tọkọtaya kan ní Iléṣà tí àìrọ́mọbí dé bá, wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún ìpele ìkẹyìn. Kò gba ipò kìíní, kò sì jáde lójú ẹsẹ̀. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 2017, ni Canongate tẹ̀ ẹ́ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó gba ipò kìíní ní ọdún náà, Jennifer Makumbi ọmọ Ùgáńdà, ti fi ìwé rẹ̀ han àwọn atẹ̀wéjáde ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti kọ̀ ọ́. Kwani? tẹ Kintu jáde ní Nairobi ní 2014. Ó dé Amẹ́ríkà ní 2017, ó sì padà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2018. Ilé ni ó ti kọ́kọ́ gbayì kí òkèèrè tó ṣílẹ̀kùn fún un.

Àwa náà ní ilé. Cassava Republic, Ouida, Masobe àti Parrésia jẹ́ díẹ̀ nínú àwọn atẹ̀wéjáde tí wọ́n ti ń tẹ ìtàn àròsọ àwọn ọmọ Nàìjíríà. Nílé wa níhìn-ín, òǹkọ̀wé lè kọ̀wé sí atẹ̀wéjáde fúnra rẹ̀ láìní alárinà, ní àkókò tí wọ́n bá kéde pé àwọn ń gba ìwé.

Ta ni ó ń sanwó fún ta?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ kan tí mo mọ̀ parí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì kéde ayọ̀ rẹ̀ lórí Facebook. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní alárinà fi kọ̀wé sí i pé ìwé náà yóò dé òkè òkun, ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì fún ẹnikẹ́ni kà. Owó ìkàwé ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà owó àtúnṣe, lẹ́yìn náà owó ìforúkọsílẹ̀. Owó ilé ọdún kan ni ọmọ náà fẹ́ yọ san. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí?" Mo ní kí ó bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ó yọ gbogbo owó rẹ̀ nínú èyí tí atẹ̀wéjáde bá san, ṣé ó gbà? Kò fèsì mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀nà kan ni owó ń gbà. Ó ń ti ọ̀dọ̀ òǹkàwé bọ̀ sọ́dọ̀ atẹ̀wéjáde, láti ọ̀dọ̀ atẹ̀wéjáde sọ́dọ̀ òǹkọ̀wé, alárinà a sì mú ìpín rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní a ń ta ìwé kan ní ₦6,000, tí àdéhùn sì sọ pé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti òǹkọ̀wé. ₦600 ni yóò kàn án lórí ẹ̀dà kan. Alárinà yóò mú ìdá 15 níbẹ̀, èyí tí í ṣe ₦90. ₦510 ni yóò kù fún òǹkọ̀wé. Bí ẹ̀dà kan kò bá tà, kò sí ₦90. Ìdí nìyí tí alárinà gidi kì í fi í gba ìwé tí kò gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gba owó ìkàwé lọ́wọ́ yín ti jẹ èrè tirẹ̀ tán. Kí ìwé yín tà, kí ó má tà, ara rẹ̀ kò ní í gbóná, kò sì ní í tutù.

Bí atẹ̀wéjáde bá fún yín ní owó àsansílẹ̀, ẹ mọ̀ pé ìpín yín ọjọ́ iwájú ni wọ́n ti kọ́kọ́ kó lé yín lọ́wọ́. Ní ìṣirò òkè yìí, ẹ̀dà 500 ni yóò tà kí ₦300,000 tó padà, kí owó tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Bí kò bá tà tó bẹ́ẹ̀, wọn kì í sábà gba owó náà padà. Atẹ̀wéjáde ni ó fara gbá a.

Èyí kò sọ pé òǹkọ̀wé kò gbọdọ̀ náwó láéláé. Kí a san owó fún olóòtú tí yóò tún èdè wa ṣe, owó iṣẹ́ ni. Kí a sì gbé ìwé wa fún atẹ̀wé kí a tà á fúnra wa, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe ìtìjú. Ní 2000, Helon Habila fi owó ara rẹ̀ tẹ Prison Stories ní Èkó. Ìtàn kan nínú rẹ̀ gba ẹ̀bùn Caine ní 2001, ó sì mú àdéhùn ilẹ̀ òkèèrè wá. Waiting for an Angel jáde ní 2002. Ohun tí ó burú ni kí ẹnì kan gba owó atẹ̀wé lọ́wọ́ yín, kí ó tún pe ara rẹ̀ ní atẹ̀wéjáde, kí ó sì tún gba ẹ̀tọ́ ìwé mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ̀tọ́ yìí ni ìṣúra òǹkọ̀wé. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ìwé jẹ́ tiyín láti ìgbà tí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀. Kò dìgbà tí ẹ bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Òfin kan náà sọ pé kò sí ẹni tí ó lè gba ẹ̀tọ́ náà kúrò lọ́wọ́ yín láìsí ìwé àdéhùn tí a kọ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ìfọwọ́síwèé kan fi lè wúwo ju owó lọ. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ wá ìdáhùn sí ìwọ̀nyí nínú rẹ̀: orílẹ̀-èdè wo ni àdéhùn yìí kàn? Èdè wo? Ọdún mélòó? Bí ìwé bá tán lọ́jà tí wọn kò sì tún un tẹ̀, ǹjẹ́ ẹ̀tọ́ yóò padà sọ́wọ́ mi? Ta ni ó ni ẹ̀tọ́ fíìmù àti ìtumọ̀? Nítorí pé a lè ta ẹ̀tọ́ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni Stay With Me ṣe lè jẹ́ ti Canongate lọ́hùn-ún, kí ó sì jẹ́ ti Ouida níhìn-ín. Bí kò bá sí alárinà tí yóò bá yín ka àdéhùn, ẹ san owó fún agbẹjọ́rò. Owó tí ó yẹ ní sísan ni.

Bí ìwé yín bá jẹ́ ti èdè Yorùbá

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń bínú sí mi láti òkè wá: "Yorùbá ni èmi fi kọ tèmi ńkọ́?" Òótọ́ tí mo ní láti sọ ni pé kò sí ìlà alárinà tí ó ń dúró de ìtàn àròsọ Yorùbá. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ̀ ẹ́ jáde sábà máa ń gbójú lé ilé-ẹ̀kọ́: ìwé tí a bá yàn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń tà, èyí tí a kò bá yàn a máa jìyà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òní ni òǹkọ̀wé Yorùbá ti ń dá la ọ̀nà. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, ti Sẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, kò bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé. Inú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ni Isaac Thomas, tí í ṣe olóòtú rẹ̀, ti ń gbé e jáde díẹ̀díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà láti 1929 sí 1930, tí àwọn ará Èkó ń retí rẹ̀, kí ó tó di odindi ìwé ní 1930. Òǹkàwé ni ó kọ́kọ́ ní, ìwé ni ó tẹ̀ lé e. Ọ̀nà yìí kò tíì dí. Ẹni tí ó bá ń gbé ìtàn rẹ̀ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ènìyàn ọgọ́rùn-ún tí ń dúró dè é ní ohun tí ó lè fi han atẹ̀wéjáde. Bí ó bá sì pinnu láti tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ ti Nàìjíríà ni yóò ti gba nọ́ńbà ISBN, àwọn ọgọ́rùn-ún náà ni yóò sì kọ́kọ́ rà á.

Ẹ mójú tó àmì ohùn. Ẹ má ṣe rò pé olóòtú ni yóò wá fi í sí i; ìwé tí kò ní àmì dà bí ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀ lójú ẹni tí ó mọ èdè. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ sọ ọ́ di PDF, kí àmì àti ẹsẹ̀ lẹ́tà má baà fọ́nká lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn.

Ẹ má sì ṣe fi ẹ̀tọ́ ìtumọ̀ tọrẹ. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde ní 1938. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 1968, ni ìtumọ̀ rẹ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé Yorùbá lè sùn fún ọgbọ̀n ọdún kí ó tó jí ní èdè mìíràn. Ẹni tí ó bá ti fọwọ́ sí ohun gbogbo ní ọjọ́ kìíní kò ní í sí nílé ní ọjọ́ tí àlejò rere náà bá dé. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá ni ìtàn yín fi ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì kìkì nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ní alárinà. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin ni alárinà ara yín, kí ẹ sì ṣe iṣẹ́ náà tọkàntọkàn.

Ẹ̀yin tí ìwé yín ti parí, tí ó ń sùn nínú àpótí tàbí nínú fóònù, ẹ mú orúkọ ilé-iṣẹ́ kan ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ wádìí ohun tí ó ń tẹ̀, kí ẹ sì kọ lẹ́tà ojú ewé kan sí i. Ẹni tí ó bá sì ní kí ẹ kọ́kọ́ mú owó wá kí òun tó ka ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ mọ̀ pé àpò yín ni ó fẹ́ kà. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí kálàmù wa mú èrè wá, kí òǹkàwé má wọ́n wa.

Ó tún di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.